Ìlà Tó Kàn

“Ó tún ti kú o!” ni nọ́ọ̀sì wí lórí fóònù.

Oníbáìtì ti dìde lórí àga kó tó mọ̀ pé òun dìde. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ni àbí ọmọ?”

“Háà! Ẹ̀rọ ni o. Ọmọ ń sùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ yín ló kú, ó sì tún jí fúnra rẹ̀, ó wá ń tanná bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.”

“Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mélòó lónìí?”

“Tí mo bá ní kí n máa ka ìyẹn, ta ni yóò bá mi gbọ́mọ?”

Oníbáìtì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó padà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn. Níbi iṣẹ́ ni wọ́n ti fún un, nítorí pé kò fẹ́ kí báìtì kan, ẹyọ àyè tín-ín-tín, ṣòfò nínú mẹ́mórì ẹ̀rọ. Tó bá rí ọ̀dọ́ kan tó gba àyè ju èyí tó fẹ́ lò lọ, á ní, “Ilé bàbá ẹ ni?” Àwọn ọ̀dọ́ náà bá ń pè é ní Ìyá Oníbáìtì, bí ẹni ń pe ìyá oníbúrẹ́dì. Nígbà tó yá, “ìyá” já bọ́ lójú ọ̀nà, Oníbáìtì ló kù, òun náà sì ń dáhùn.

Ẹ̀rọ tó ń kú yìí, àpótí kékeré kan ni, tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Bẹ́líìtì rírọ̀ kan jáde lára rẹ̀, wọ́n á fi yí ikùn ọmọ ká, àpótí á sì máa ka èémí rẹ̀. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa gbàgbé láti mí. Tí ọ̀kan bá gbàgbé, àpótí á kígbe, nọ́ọ̀sì á sáré wá fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ á rántí. Ilé ìwòsàn ṣì ń dán an wò ni, wọn kò tíì gbójú kúrò lára ọmọ nítorí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ̀ pé nǹkan ń bá òun ṣọ́nà, kò ní ṣàì tòògbé díẹ̀. Bí àpótí bá sì kú, kó tó jí padà, kò sẹ́ni tó ń ka èémí ọmọ.

Ọ̀gá wọn wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá Kíákíá ni gbogbo wọn ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, torí pé kò lè sọ gbólóhùn méjì kí kíákíá má wà níbẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì tún pè?”

“Wọ́n pè, sà. Ó tún kú.”

“Ó ń kú, ó ń jí! Ṣé Lásárù la kó lọ fún wọn ni? Oníbáìtì, mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tán kíákíá. Tí ilé ìwòsàn yẹn bá dá àwọn àpótí yẹn padà, kò sí ilé ìwòsàn mìíràn tó máa gbà á lọ́wọ́ wa.”

“Mò ń wá a, sà. Mo ti yẹ iná wò, mo ti yẹ wáyà wò. Inú kóòdù ló wà.”

“Ibo nínú kóòdù?”

“Nísàlẹ̀ pátápátá. Níbi tí a ti ń pín mẹ́mórì.”

“Ibi tí ìwọ àti ọkọ ẹ jọ kọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Kí lo wá ń dúró dè? Ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Pè é. Kíákíá.”

Ó rọrùn fún ọ̀gá láti sọ. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni Oníbáìtì àti ọkọ rẹ̀ ti jọ kọ àkójọ kóòdù náà, àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, ní èdè ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní C, nígbà tí wọn kò tíì fẹ́ ara wọn. Ọkùnrin náà ló la bí yóò ṣe rí sílẹ̀, obìnrin náà ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n sì jọ jà lórí gbogbo ìlà títí ìjà fi di ìfẹ́. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkọ rí iṣẹ́ sí òkè òkun. Wọ́n ní ọdún méjì péré ni. Ọdún méjì pé, wọ́n tún gbé ìwé àdéhùn mìíràn fún un, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ló rí sí i. Ìyàwó ní, “Bó bá ṣe wù ẹ́. Kò sí wàhálà.” Ó sì fọwọ́ sí i.

Wàhálà wà. Àárò ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Kì í jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ibi iṣẹ́ tún àwọn ìlà tí ọkùnrin náà kọ tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fi àyè sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ìfàyè-ṣòfò kan ṣoṣo tí Oníbáìtì fara mọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ìkíni lásán ló kù láàárín wọn. “Ṣé dáadáa ni?” “Dáadáa ni.” “Ara Màmá ńkọ́?” “Ara wọn le.” “Òjò ń rọ̀ níbí.” “Oòrùn ló wà níbí.” “Ó dáa. Ó dàárọ̀ o.” Àwọn tó jẹ́ pé iyàn jíjà ni oúnjẹ wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá di ẹni tó ń ka ojú ọjọ́ fún ara wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó sórí àga gbọọrọ nílé, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, ó sì tẹ nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ṣì kù, ó ń ṣẹ́tí aṣọ.

“Ẹ kúrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ráyè díẹ̀?”

“Màmá wà níbẹ̀,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Kò béèrè, ó mọ̀ ni. Bí àwọn méjèèjì bá dá wà, “o” ni Oníbáìtì ń pe ọkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ ni wọ́n kúkú jẹ́. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá wà nítòsí, “ẹ” ni, kí Màmá má baà sọ pé ìyàwó òun kò mọ ọkọ lọ́kọ.

“Wọ́n wà níbí, wọ́n ń kí yín. Ẹ gbọ́, àpótí ń kú.”

“Àpótí wo? Àpótí tiwa?” Ohùn rẹ̀ yí padà, àfi bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. “Kí ló ṣe é?”

“Mo rò pé ibi tí a ti ń pín mẹ́mórì ni.”

“Kò lè jẹ́ ibẹ̀. Ibẹ̀ yẹn le bí òkúta! Dúró ná, jẹ́ kí n gbé kọ̀ǹpútà mi. Ṣí fáìlì yẹn kí n máa rí i.”

Ọ̀rọ̀ náà kò ta kókó fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Mẹ́mórì ẹ̀rọ dà bí òpópónà gígùn kan tí ilé tò sí lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ojúlé tirẹ̀. Olùpín kan wà níbẹ̀, kóòdù ni òun náà, tó ń yá ènìyàn nílé, tó sì ń gbà á padà. Àmọ́ apá ibi tó ń ṣírò èémí ọmọ nínú ẹ̀rọ yẹn ya alágídí: kò ní gba ẹrù tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ojúlé kan pàtó, èyí tí tọkọtaya náà ń pè ní ìlà. Nítorí náà, wọ́n á tọrọ àyè ju èyí tí wọ́n fẹ́ lò lọ, wọ́n á sún ẹrù náà síwájú títí yóò fi bọ́ sójú ìlà, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà ojúlé tó ti ṣí kúrò sínú àlàfo tó bá kù lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì. Olùpín kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni sún ẹrù. Ojúlé tí òun fúnra rẹ̀ fún wọn ló ń retí kí wọ́n dá padà. Ẹrù tí kò bá rántí ibi tó ti wá, kò rílé padà sí.

“Jẹ́ ká kùn ún,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n fi àmì kan náà sí gbogbo ojúlé tó ṣófo, bí ẹni ń kun ilẹ̀ lọ́dà, kí wọ́n lè rí ibi tí ẹsẹ̀ àjèjì bá ti tẹ̀ ẹ́.

“Àmì wo la máa lò?”

“Ọjọ́ ìgbéyàwó wa.”

“Kò lè wọ inú báìtì kan.”

“Ìwọ náà nìyẹn! Ọjọ́ ìgbéyàwó wa náà ti ń gba àyè jù lójú ẹ?”

Oníbáìtì bú sẹ́rìn-ín, ó gbàgbé “ẹ” pátápátá. “Gbé e kúrò níbẹ̀, jàre! Lo oṣù nìkan, má lo ọdún!”

Màmá gbójú sókè kúrò lórí aṣọ. “Ìyàwó, irú ẹ̀rọ wo ló ń bàjẹ́ tó ń pa yín lẹ́rìn-ín báyìí? Ẹ bá mi wá ọ̀kan.”

Ọkọ rẹ̀ pè ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó sì tún pè ní èyí tó tẹ̀ lé e, láìsí pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Wọ́n wá àṣìṣe náà sọ́tùn-ún, wọ́n wá a sósì. Bí wọ́n bá ti yẹ ibì kan wò tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á ṣí lọ síbòmíràn: ọ̀gá tó ti fi kíákíá jókòó lé jígí ojú ara rẹ̀, ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀ kan tí kò mọ̀ ju kọfí lọ láàárọ̀, ìgbà tí àwọn méjèèjì jà lórí àmì ẹyọ kan títí wọ́n fi tilẹ̀kùn ọ́fíìsì mọ́ wọn. Oníbáìtì ń kọrin wọ ibi iṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn, ojú sì ń tì í pé inú òun ń dùn, nítorí nọ́ọ̀sì kò yéé pè.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó rí i.

Olùpín máa ń fi àmì tirẹ̀ sẹ́yìn gbogbo ilé tó bá yá ènìyàn, kó lè mọ bí ilé náà ṣe tóbi tó. Lórí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí, ẹnìkan ti kọ nọ́ńbà lé e. Oníbáìtì wo nọ́ńbà náà dáadáa. Nọ́ńbà ojúlé ilé náà gan-an ni. Ó tún un wò, ìdí sì yé e. Ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé kí olùpín fún wọn ní ilé tó ti wà lójú ìlà látilẹ̀. Nígbà náà, kóòdù kò ní sún un rárá, kò sì ní sí àlàfo kankan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, kóòdù náà á kọ nọ́ńbà sínú àlàfo tí kò sí, á kọ ọ́ gba orí àmì olùpín kọjá. Bó bá di ìgbà àtidá ilé padà, olùpín á ka àmì tó bàjẹ́, ẹ̀rọ á sì kú.

Òun ló kọ ọ́. Ó wo òkè kóòdù náà, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti kọ bó ṣe yẹ kó rí sílẹ̀ fún un. Yorùbá ni àwọn méjèèjì fi ń kọ àlàyé sáàárín kóòdù nígbà náà, wọ́n ní kí olè kóòdù lè kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè. Gbólóhùn náà ṣì wà níbẹ̀: sún un dé ìlà tó kàn.

Ìlà tó kàn. Ẹni tó kọ ọ́ ní ìlà tó tẹ̀ lé e lọ́kàn, bí a ṣe ń sọ pé èmi ló kàn lórí ìlà omi. Ẹni tó kà á rò pé ìlà tó bá kàn án lára ni, èyí tó ti fara kàn tẹ́lẹ̀. Gbogbo iyàn tí wọ́n ti bára wọn jà, wọn kò jiyàn lórí ìyẹn, nítorí ó dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lójú pé ó yé òun. Oníbáìtì rẹ́rìn-ín sókè, òun nìkan nínú ọ́fíìsì. Kò ju ìlà kan lọ láti tún ṣe. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì tó máa fi ránṣẹ́ sí àwọn àpótí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Bó bá fi ránṣẹ́, kí ni ọkọ òun yóò tìtorí rẹ̀ pè ní ìrọ̀lẹ́? Á ní kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á ní òjò ń rọ̀.

Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ó yẹ kí òun dán an wò dáadáa ná, kò yẹ kéèyàn sáré fi nǹkan ránṣẹ́ sórí ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀sán kan ni ìdánwò náà, kò sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Ìrọ̀lẹ́ kan péré ni mo fẹ́, ó wí fún ara rẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń gún un títí ó fi délé.

Ọkọ rẹ̀ pè. Ohùn rẹ̀ ga sókè. “Mo ti mọ ohun tó ń ṣe é! Mo ń ronú rẹ̀ látàárọ̀. Bẹ́líìtì yẹn ló ń já lu iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́. Ká sọ pé olùpín wà láàárín pípín, bẹ́líìtì wá pariwo pé òun ní èémí tuntun…”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀,” ni Oníbáìtì wí. Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Ó jẹ́ kó máa ṣàlàyé. Màmá ti wọ yàrá lọ. Lẹ́yìn kóòdù, ọkọ rẹ̀ sọ nípa yàrá tó ń gbé, pé ògiri ni fèrèsé rẹ̀ dojú kọ, pé òun ti wá gbé tábìlì sí igun kan kí òun lè rí ojú pópó díẹ̀. Ó ní, “Láti ìgbà tí àpótí yìí ti ń yọ wá lẹ́nu, mo ti ń sùn dáadáa. O ò rí nǹkan?”

“Mo rí i,” ni Oníbáìtì wí. Ó kù díẹ̀ kó sunkún.

Ọkọ rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ padà. “Ọ̀la ni wọ́n ní kí n fún àwọn lésì lórí ìwé àdéhùn tuntun tí wọ́n tún gbé fún mi. Ọdún méjì mìíràn. Kí lo rí sí i?”

Ohun tó fẹ́ sọ wà lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó ronú pé bí òun bá sọ ọ́, tí ọkọ òun sì wálé, tó wá kábàámọ̀ iṣẹ́ náà ńkọ́? Bí òun bá sọ ọ́, tí kò sì wá ńkọ́?

“Bó bá ṣe wù ẹ́,” ó wí. “Kò sí wàhálà.”

“Kò sí wàhálà,” ni ọkọ rẹ̀ tún wí tẹ̀ lé e, jẹ́jẹ́. “Ó dáa. Ó dàárọ̀ o.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fóònù dún kí Oníbáìtì tó gbé báàgì sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni.

“Ẹ wá kó àwọn nǹkan yín.”

“Ẹ̀rọ tún…”

“Ẹ̀rọ kú. Àárín ìgbà tó kú yẹn ni ọmọ tó kéré jù nínú wọn gbàgbé láti mí. Bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń tẹ́. Mo kàn bojú wẹ̀yìn ni, mo rí i tí ètè rẹ̀ ń dúdú. Ká ní mo ti lọ bu omi ńkọ́? Mo ti gbẹ́kẹ̀ lé àpótí yẹn, ẹ gbọ́ o. Mo ti ń gbẹ́kẹ̀ lé e.”

“Báwo ni ọmọ náà?”

“Ó ń ké. Kò tíì sí igbe tó dùn létí mi tó èyí.”

Oníbáìtì jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó lọ sí yàrá ọ̀gá, ó sì dúró síwájú tábìlì.

“Ọ̀gá, mo ti rí àṣìṣe náà.”

“A dúpẹ́ o! Ìgbà wo?”

“Lọ́sàn-án àná, sà. Mi ò fi ránṣẹ́. Ọmọ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú láàárọ̀ yìí.”

Ọ̀gá Kíákíá wò ó. “Nítorí kí ni?”

“Ọ̀rọ̀ ara mi ni, sà. Kò yẹ kó kan iṣẹ́. Mo jẹ̀bi.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, ọ̀gá kò kánjú. Ó bọ́ jígí rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. “Lọ yọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nínú ewu ná. Ìwọ àtèmi ṣì máa jókòó sọ̀rọ̀ yìí, kò sì ní dùn mọ́ ẹ.”

“Ẹ ṣé, sà.”

Ó ní kí nọ́ọ̀sì pa gbogbo àpótí, kí wọ́n fi ojú ṣọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ó kó ìlà tuntun náà sínú àpótí orí tábìlì, ó mú kó máa yá ilé, kó máa dá a padà, láìsinmi, kí èyí tó wà lójú ìlà lè wà nínú wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò kú. Ó jókòó tì í títí oòrùn fi yí sí ìwọ̀ oòrùn, kò jẹun, àpótí náà kò sì kú. Nígbà náà ló gbé kọ̀ǹpútà, ó lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí àpótí tí wọ́n ti pa kò lè gba nǹkan láti ọ̀nà jíjìn.

Yàrá àwọn ọmọ náà móoru, ó sì dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ sáyà, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dọ̀ ọmọ tó kéré jù, Oníbáìtì tẹ̀ba díẹ̀. Bẹ́líìtì náà ga, ó lọ sílẹ̀, ó tún ga. Ọmọ náà di ẹ̀ṣẹ́ tí kò tó èkùrọ́, bí ẹni pé ó ní ẹjọ́ tó fẹ́ bá ẹnìkan rò.

“Kí ló ń ṣe é gan-an?” ni nọ́ọ̀sì béèrè.

“Ọ̀rọ̀ kan ni mo ṣì gbọ́.”

“Ọ̀rọ̀ kan péré?”

“Ọ̀kan péré, mà. Ẹ forí jì mí. Ó yẹ kí n ti wá lánàá.”

Nọ́ọ̀sì kò sọ pé òun forí jì í. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí àpótí tó kù lọ́wọ́ ẹ̀yìn. “Ẹ parí èyí yẹn ná.”

Ṣùgbọ́n Oníbáìtì kọ́kọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pe ọkọ rẹ̀. Àsìkò iṣẹ́ ni níbẹ̀, kì í pè é ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ rárá.

“Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé Màmá ni?”

“Màmá wà dáadáa. Mo ti rí àṣìṣe náà.”

“O ti rí i! Bẹ́líìtì ni, àbí? Mo wí fún ẹ!”

“Kì í ṣe bẹ́líìtì. Nígbà tí ẹrù bá ti wà lójú ìlà látilẹ̀, kí lo ní kí n ṣe?”

“Kó o sún un dé ìlà tó kàn.”

“Ìlà wo nìyẹn?”

“Èyí tó tẹ̀ lé e, ṣebí. Èyí tó kàn!”

“Èyí tó kàn án lára ni mo gbọ́. Èyí tó ti dúró lé. Mi ò sún un rárá.”

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. “Áà! Látijọ́ yìí! Mo kọ ọ́, o kà á, a jọ ń wò ó lójoojúmọ́! Ìgbà wo lo rí i?”

“Lọ́sàn-án àná.”

Ẹ̀rín náà dúró. “Lọ́sàn-án àná. Nígbà tí mò ń ṣàlàyé bẹ́líìtì fún ẹ…”

“Mo ti mọ̀.”

“Àwọn ọmọ wà lórí ẹ̀rọ yẹn!”

“Mo mọ̀. Ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ láàárọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì ló yọ ọ́. Mo ti tún un ṣe, mo sì ti sọ fún ọ̀gá.”

“Kí ló wá ṣe ẹ́?” Ó bínú, ìbínú náà sì tọ́ sí Oníbáìtì. “Ìwọ tó o máa ń bá èèyàn jà nítorí báìtì kan? Kí ló ṣe ẹ́?”

“Mo fẹ́ kó o pè mí ni.” Ó fara ti ògiri. “Tí mo bá sọ pé mo ti rí i, wàá ní kú iṣẹ́, ó parí nìyẹn. Àárò ẹ ń sọ mí. Ó ń sọ mí débi pé mo fi ọmọ ọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ nítorí kí n lè gbọ́ ohùn ẹ ní ìrọ̀lẹ́ kan sí i. Mi ò wá àwáwí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mò ń sọ.”

Ó wo ojú fóònù bóyá ọkọ rẹ̀ ti gé e, kò gé e.

“Ìwé àdéhùn yẹn,” ni Oníbáìtì tún wí, kí ẹ̀rù tó bà á. “O bi mí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo purọ́ fún ẹ. Mò ń ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí. Ó kàn mí. Máa bọ̀ nílé.”

“Mo ti fún wọn lésì láàárọ̀ yìí,” ni ọkọ rẹ̀ wí.

Oníbáìtì di ojú rẹ̀.

“O ní kò sí wàhálà,” ọkọ rẹ̀ ń wí lọ, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. “Ìgbà kejì nìyẹn. Mo jókòó ti ìwé yẹn lálẹ́ àná. Mo ní bóyá ó ti mọ́ ẹ lára kí n má sí níbẹ̀.”

“Kò mọ́ mi lára.”

“Kódà lọ́jọ́ kan ṣoṣo?”

“Kò mọ́ mi lára rárá.”

Nọ́ọ̀sì yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó tọ́ka sí àpótí tó kù. Oníbáìtì gbé ọwọ́ sókè pé kó fún òun ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó sì padà sínú yàrá.

“Òkè ni ọ́fíìsì wọn wà,” ni ọkọ rẹ̀ sọ lójijì.

“Ọ́fíìsì ta ni?”

“Àwọn tó gba ìwé lọ́wọ́ mi. Bóyá wọn ò tíì fi ránṣẹ́.”

Oníbáìtì gbọ́ tí àga yẹ̀. Ó gbọ́ ilẹ̀kùn kan, lẹ́yìn náà ni bàtà ọkọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń gùn ún ní méjì-méjì, èémí rẹ̀ ń ga sí i létí fóònù. Kò gé e. Oníbáìtì fi fóònù mọ́ etí. Ó gbọ́ tó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ tí ẹnìkan dá a lóhùn ní èdè ibẹ̀, ó sì gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ tọrọ àforíjì, tó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá ìwé òun padà fún òun.